Ajá ní Ibi Oúnjẹ: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Bí?

Ọ̀ràn kan wà tí ó dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí kò tí ì bá a pàdé, ṣùgbọ́n tí ó ti di ohun àríyànjiyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, tí àwọn aṣòfin pàápàá sì ti jókòó lé lórí. Ọ̀ràn náà nìyí: bí ènìà bá lọ sí ilé oúnjẹ, níbi tí tẹrú tọmọ ti ń fi owó ara wọn jẹun, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó mú ajá rẹ̀ wọlé bí? Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní London mọ̀ pé kò ṣòro láti rí ajá tí ó sùn lábẹ́ tábìlì kejì nígbà tí ènìà ń jẹun lọ́wọ́. Ẹni tí kò dàgbà sínú irú àṣà bẹ́ẹ̀ lè gbé ṣíbí sílẹ̀, kí oúnjẹ má sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ni ajá náà yóò sì máa wò ó, yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni ẹran jẹ́jẹ́ yìí ṣe fún un?

Àwọn baba wa wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ọ̀tún, kí a gbọ́ ti òsì, kí a tó sọ èrò tiwa.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun, àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà sì ní ìdí pàtàkì láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ajá a máa bá olówó rẹ̀ wá sí ilé Ọlọ́run. Òmíràn a sùn jẹ́jẹ́, òmíràn a sì máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà láàárín ìsìn, tàbí kí ó máa rìn kiri nídìí tábìlì Ìdàpọ̀ Mímọ́. Ní ọdún 1636, Bíṣọ́ọ̀bù Matthew Wren ti Norwich pàṣẹ fún àwọn ìjọ abẹ́ rẹ̀ pé kí wọn ṣe ọgbà igi síwájú tábìlì náà láti ògiri dé ògiri, kí ó ga tó bí yáàdì kan, kí àwọn ọ̀pá rẹ̀ sì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ajá kò fi ní lè ráyè kọjá. Ọgbà pẹpẹ tí a ń kúnlẹ̀ tì lónìí láti gba Oúnjẹ Olúwa, apá kan ìtàn rẹ̀ ni èyí. Ìjọ púpọ̀ a tilẹ̀ máa san owó fún ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lé ajá jáde. Ní ìjọ Clynnog Fawr ní ilẹ̀ Wales, ẹ̀mú gígùn tí wọn fi ń di ajá aríjàgbá mú lọ́rùn ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn àlejò ń wò ó.

Ẹ kíyèsí i pé àwọn ènìà wọ̀nyí kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sin ajá mọ́. Ààlà ni wọn pa: níhìn-ín ni ajá lè dé, lọ́hùn-ún ni kò gbọdọ̀ dé. Ìtàn obìnrin ará Sirofenike pẹ̀lú wà nínú Ìhìnrere Máàkù, orí keje, ẹni tí ó fi ajá tí ń jẹ èérún àwọn ọmọ lábẹ́ tábìlì ṣe àpẹẹrẹ níwájú Olúwa wa, tí a sì yìn ín fún ìdáhùn rẹ̀. Nípa èyí a mọ̀ pé ní ayé ìgbà náà, ajá ń dé abẹ́ tábìlì nínú ilé. Ṣùgbọ́n tábìlì inú ilé ẹni nìyẹn. Ẹni tí ó ni ilé ni ó ni àṣẹ. Tábìlì tí gbogbo ará ìlú ń sanwó kí wọn tó jókòó tì yàtọ̀ sí i, níbẹ̀ ni ìṣòro sì wà.

Ní ti òfin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní òfin kankan tí ó wí pé ajá kò gbọdọ̀ wọ yàrá ìjẹun. Òfin ìmọ́tótó oúnjẹ tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ní ọdún 2004, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń tẹ̀lé síbẹ̀, ni ó béèrè pé kí a dènà ẹran ọ̀sìn kúrò ní ibi tí a gbé ń se oúnjẹ àti ibi tí a gbé ń kó o pamọ́ sí. Yàrá ìjẹun wà lọ́wọ́ onílé: bí ó bá fẹ́, kí ó gba ajá láàyè, bí kò bá sì fẹ́, kí ó kọ̀ ọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni Amẹ́ríkà gbà. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ sọ́nà kò gba ẹranko ní ilé oúnjẹ, àfi ajá tí ń ran ẹni tí ara rẹ̀ kò pé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọn ń tú okùn náà. Ní ọdún 2006, Florida fún àwọn ìlú rẹ̀ láṣẹ láti gba ajá láàyè ní ibi ìjẹun tí ó wà ní ìta gbangba. California fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2014, New York ní ọdún 2015. Nígbà tí ó sì di ọdún 2022, ìlànà ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gbà á fún ibi ìta, bí àwọn aláṣẹ àdúgbò bá yọ̀ọ̀da. Òfin California kò fi nǹkan kan pamọ́: ajá kò gbọdọ̀ gba inú ilé oúnjẹ kọjá, ọ̀nà ìta ni yóò gbà wọlé, okùn gbọdọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, tàbí kí ó wà nínú àpótí rẹ̀, kò gbọdọ̀ gun àga, bí a ó bá sì bu omi tàbí oúnjẹ fún un, nínú ohun tí a ó sọnù lẹ́yìn náà ni, kì í ṣe nínú àwo tí ènìà ń lò.

Nísinsìnyí, kí ni àwọn tí ó fẹ́ kí ajá wọlé ń wí? Ohun mẹ́ta ni wọn ń tẹnu mọ́.

Èkíní ni pé ní àwọn ìlú ńlá wọnnì, ọ̀pọ̀ ènìà ni ó ń dá gbé. Ẹ ro ti ìyá arúgbó tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìlú mìíràn. Ajá rẹ̀ ni ó ń jí i ní òwúrọ̀. Òun ni ó ń pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Bí a bá wí fún un pé kí ó so ajá náà mọ́ òpó ní ìta nínú òtútù, yóò kúkú padà sílé lọ dá jẹun. Nígbà náà ni òfin tí a ṣe fún ìmọ́tótó yóò di ohun tí ó ń ti arúgbó mọ́ inú ilé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi èyí rẹ́rìn-ín. Àwa tí ilé wa kún fún ọmọ àti ìyekan kì í tètè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ti ń wúwo tó.

Èkejì ni pé ewu àrùn kò tó bí àwọn ènìà ti ń rò ó. Oúnjẹ ti jinná kí ó tó dé orí tábìlì. Ajá tí a wẹ̀, tí a sì gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní ohun púpọ̀ tí yóò kó ran ẹni tí ó jókòó ní ọ̀nà jíjìn sí i. Lóòótọ́ ni aràn kan wà nínú ìgbẹ́ ajá tí ó lè ṣe ọmọdé ní ibi; ṣùgbọ́n ẹyin aràn náà ní láti wà nínú ilẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè ran ènìà. Iyanrìn tí ọmọ ń fi ọwọ́ gbẹ́ ṣeré léwu jù ajá tí ó sùn lábẹ́ tábìlì lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé òwò onílé ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ ajá, ilé oúnjẹ kò tán ní ìlú; kí ó gba ibòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti apá kejì.

Àwọn tí ó kọ̀ ń wí pé ìbẹ̀rù ajá kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Àrùn dìgbòlugi ni ẹ̀rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bí ẹgbàá-mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ó lé ẹgbẹ̀rún ènìà, èyíinì ni 59,000, ni àrùn yìí ń pa ní ọdọọdún, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà; nínú ọgọ́rùn-ún ènìà tí ó bá sì mú, ó lè tó mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tí ó jẹ́ pé ara ajá ni wọn ti kó o. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tí ń yè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé àrùn náà kúrò lára ajá ilẹ̀ wọn ní ọdún 1922. Nítorí náà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń na ọwọ́ sí ajá ará ilé rẹ̀ láìro ikú. Ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà ní ìlú tí a ti ń kígbe pé, “Ajá dìgbòlugi ń bọ̀!”, tí àwọn ìyá sì ń gbá ọmọ wọn mọ́ra wọlé, kò lè fi ojú kan náà wo ajá. Ohun tí ọ̀kan pè ní ọ̀rẹ́, ikú ni èkejì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Kò sí ẹni tí ó ṣìṣe nínú àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni ẹni tí irun ajá ń mú kí ó máa sín, tí ojú rẹ̀ ń wú, tí èémí rẹ̀ sì ń há. Bákan náà ni Mùsùlùmí tí a kọ́ láti kékeré pé itọ́ ajá kò gbọdọ̀ kan àwo tí ènìà ń jẹun. Àwa tí a ń bá wọn gbé nínú agbo ilé kan náà mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga. Kí a sì rántí ajá náà pẹ̀lú. Òórùn ẹran ń fà á, ẹsẹ̀ àjèjì ń kọjá níwájú rẹ̀, ọmọdé ń fa ìrù rẹ̀. Ajá tí kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí nílé lè bu ènìà jẹ níbi tí èrò pọ̀ sí.

Ní ti èyí tí wọn wí pé kí ẹni tí kò fẹ́ gba ibòmíràn lọ, ẹnì kan wà tí kò lè lọ. Ẹni náà ni ìránṣẹ́ tí ń gbé oúnjẹ. Oníbàárà lè dìde. Òun kò lè dìde. Bí ẹ̀rù ajá bá ń bà á, yóò máa fi ìwárìrì gbé àwo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyín, nítorí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ gbé wà. A kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àríyànjiyàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a gbọ́ ọ.

Títí di ìsinsìnyí, ajá ìfẹ́ ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyíinì ni ajá tí ènìà ń sìn nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ajá mìíràn wà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun fọ́jú, àwọn ará Jámánì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Oldenburg ní ọdún 1916 láti kọ́ ajá bí yóò ti máa fi ọ̀nà han afọ́jú. Ní ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan, ará Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní Morris Frank, gba irú ajá bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Switzerland. Buddy ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé New York, ajá náà mú un la ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré kọjá, láìsí ọwọ́ ènìà kankan lára rẹ̀. Ní ọdún 1931, afọ́jú mẹ́rin gba ajá mẹ́rin ní Wallasey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Judy, Flash, Folly àti Meta. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ́ ajá fún iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú: láti pe adití nígbà tí aago bá ń dún, láti dúró ti ẹni tí wárápá ń gbé ṣubú, láti mú ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀.

Ajá yìí ni ojú afọ́jú. Òun ni ọwọ́ arọ. Nítorí náà ni òfin fi yà á sọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1990 lórí àwọn tí ara wọn kò pé fún un ní àyè ní ilé oúnjẹ gbogbo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 ṣe bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, ohun méjì péré ni onílé lè béèrè bí ọ̀ràn kò bá hàn kedere sí i: ǹjẹ́ nítorí àìlera ni o fi ń lo ajá yìí? Iṣẹ́ wo ni a sì kọ́ ọ láti ṣe fún ọ? Kò lè wí pé kí ó mú ìwé wá. Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀ tí irun ajá ń pa lára tàbí tí ẹ̀rù ń bà, kí onílé fi àwọn méjèèjì jókòó jìnnà sí ara wọn. Kò gbọdọ̀ torí èyí lé afọ́jú jáde.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀ràn náà ti korò. Nítorí pé òfin kò béèrè ìwé, àwọn ènìà kan ti rí àyè ẹ̀tàn. Ojú wọn ríran, ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá. Wọn a ra ẹ̀wù kékeré tí a kọ nǹkan sí lára, wọn a fi wọ ajá ìfẹ́ wọn, wọn a sì wí pé ajá ìrànwọ́ ni. Ajá tí a kò kọ́ yóò gbó, yóò fo mọ́ tábìlì, yóò tọ̀ sí ilẹ̀. Wọn a jẹun tán, wọn a sì lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, bí afọ́jú tòótọ́ bá dé pẹ̀lú ajá tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́, onílé tí a ti tàn jẹ lánàá yóò fi ara bo ẹnu ọ̀nà. Afọ́jú náà kò jẹ gbèsè kankan, òun ni a sì ń bi ní gbèsè. California ka irú irọ́ yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ sọ ènìà sí ẹ̀wọ̀n títí dé oṣù mẹ́fà, tàbí kí a bu owó ìtanràn tí ó tó 1,000 dọ́là lé e. Ẹlòmíràn yóò wí pé irọ́ kékeré ni, pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó purọ́ pé òun jẹ́ aláìlera ń jí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jùlọ fún aláìlera, èyíinì ni pé kí àwọn ènìà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Kí wá ni ìdájọ́? Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù, nígbà tí àwọn ará Kọ́ríńtì ń jiyàn lórí ohun tí ó tọ́ láti jẹ, kọ́ wọn pé kí ẹni tí ó ní òmìnira ro ti arákùnrin rẹ̀ tí ó ṣe aláìlera. Ẹ̀kọ́ náà bá wa mu, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú rẹ̀: ní ilé oúnjẹ yìí, ta ni aláìlera? Afọ́jú ni, ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni, arúgbó tí ń dá gbé pẹ̀lú sì ni. Ta ni yóò yẹ̀ fún ta ni?

Èrò tiwa ni pé kí a wo ẹni tí yíyẹ̀ rẹ̀ kò ná an ní púpọ̀. Afọ́jú kò lè yọ ojú rẹ̀ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọlé jẹun. Nítorí náà, òun kọ́ ni yóò yẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè jókòó ní igun kejì, bí a bá fi ọ̀wọ̀ ṣe é fún un. Kí ó gbà bẹ́ẹ̀ nítorí afọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ràn ajá rẹ̀ tí ara rẹ̀ sì dá lè fi í sílẹ̀ nílé fún wákàtí kan. Kí ó má ṣe béèrè pé kí ìránṣẹ́ máa gbọ̀n nítorí ìfẹ́ òun, tàbí kí ẹlòmíràn máa wá èémí kiri. Ní ti arúgbó wa, ibi ìjẹun tí ó wà ní ìta dára fún un, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí àyè sì wà láàárín tábìlì. Kí onílé sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà pé òun ń gba ajá, kí ẹni tí ń bọ̀ lè mọ̀ kí ó tó wọlé. Ní ti ilé ìdáná, ní ti orí àga, ní ti àwo ènìà, kí ajá má ṣe débẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará, kí a má ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn ará òkè òkun nìkan ni èyí. Ajá London tí à ń fi ẹnu họ yìí ní okùn lọ́rùn, ó sì ní ẹni tí yóò dáhùn fún un. Ní ọ̀pọ̀ búkà wa níhìn-ín, ajá tí kò ní okùn tí kò sì ní olúwa ń rìn lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ń wá egungun kiri. A ń fi ẹsẹ̀ lé e, a sì ń jẹun lọ. Ta ni ó mọ̀ bí a ti gún un ní abẹ́rẹ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé bí a bá gún àádọ́rin ajá nínú ọgọ́rùn-ún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, dìgbòlugi kò ní lè tàn kálẹ̀ mọ́. Kí ẹni tí ń sin ajá nínú ìjọ wa ṣe ojúṣe rẹ̀. Kí a sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé bí ajá bá bu ènìà jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí a má ṣe dúró wò ó.

Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí afọ́jú bá tọ̀ wá wá, tí ajá ń mú un lọ́nà, ní ibi àsè tàbí ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, kí a má ṣe sá lé ajá kí a tó rí ènìà. Àwọn àgbà wí pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò lè dùn bí a bá fi ẹnìkan sílẹ̀ ní ìta.